Èjìká tó ń yẹ̀: ohun tí ojú mi rí kí n tó padà sórí ọ̀pẹ

Àbúrò, lóru àná ni mo ka ọ̀rọ̀ rẹ, n kò tètè sùn mọ́. O ní ọmọ ọdún 24 ni ọ́, o ń kọ ọ̀pẹ lọ́nà Ajáàwà, èjìká ọ̀tún rẹ ti yẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n sì ní iṣẹ́ abẹ ló kù. O wá ń béèrè ibi tó o ti lè rí dókítà tó mọ èjìká, àti ìgbà tó o máa padà sórí ọ̀pẹ. Akọ̀pẹ ni èmi náà, Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Ohun tó ṣe ọ́ yìí gan-an ló ṣe mí.

Òjò ti pa ọ̀pẹ lọ́jọ́ tèmi. Ẹsẹ̀ mi yọ̀, igbà yọ̀ wálẹ̀ tẹ̀lé e, mo bá na ọwọ́ ọ̀tún sókè, mo di ìdí imọ̀ kan mú. Gbogbo ara mi wá rọ̀ sórí apá kan ṣoṣo. Ọ̀pẹ náà kò ga, ìyẹn ló yọ mí. Bàbá kan tó ń to eegun ló fà á padà fún mi. N kò bú wọn o, mo ti rí ẹsẹ̀ tó kán tó jinná lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n èjìká tó yẹ̀, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún fà á láìya X-ray, torí eegun lè ti sán níbẹ̀. Bí òkè apá rẹ níta bá kú, tó o fọwọ́ kàn án tí o kò mọ̀ ọ́n, sọ fún dókítà lọ́jọ́ náà gan-an.

Ilé ìwòsàn kan ni mo wá lọ, n kò ní dárúkọ wọn. Wọ́n ya X-ray, wọ́n ní eegun kò ṣẹ́, wọ́n fún mi ní oògùn ìrora pé kí n máa lọ. Oṣù mẹ́sàn-án ni mo fi lọ tí mo fi bọ̀! Lónìí fáìlì mi sọnù, lọ́la ọ̀gá ti jáde, lọ́tunla wọ́n ń yanṣẹ́ lódì. Èjìká náà sì ń yẹ̀. Ó yẹ̀ níbi tí mo ti ń ká aṣọ lórí okùn. Ó yẹ̀ lójú oorun, igbe mi ló jí ìyàwó mi. Kò sí ẹnìkan nínú wọn tó ṣàlàyé fún mi pé X-ray kì í fi ohun tó ya hàn. Dókítà tó ṣe tèmi níkẹyìn ló ṣàlàyé rẹ̀: orí eegun apá tóbi, ibi tó jókòó sí kò jìn. Ohun kan wà tó yí etí ibẹ̀ ká bí òṣùká, òun ló ń dì í mú. Tí òṣùká bá ti ya, ẹrù á máa yọ̀ bọ́ ni. MRI, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán ẹran ara inú tí X-ray kì í rí, ni wọ́n fi rí tèmi, wọ́n sì rán an mọ́ ìdí rẹ̀ padà. Béèrè MRI, má dúró kí wọ́n rántí.

Ní ti dókítà, ẹ̀ka eegun ni kó o wá lọ, kì í ṣe dókítà gbogbogbòò. Ní Ògbómọ̀ṣọ́ a ní ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ LAUTECH àti ti Bowen. Ilé ìwòsàn UCH wà ní Ìbàdàn, ilé ìwòsàn eegun ti Igbobi sì wà ní Èkó. Gba lẹ́tà, gba káàdì, ìyẹn kò le. Wo ẹ̀yìn orúkọ dókítà bóyá o máa rí FWACS (oyè àwọn dókítà oníṣẹ́ abẹ) tàbí FMCOrtho (oyè ti dókítà eegun). Lẹ́yìn náà, bi í lójúkojú: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, irú èjìká báyìí mélòó lẹ ti ṣe lọ́dún yìí?" Ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe kì í bínú sí ìbéèrè yẹn. Ẹnìkan kanra mọ́ mi nítorí ẹ̀, mo sì dìde níwájú rẹ̀. Tó o bá wà lórí ìdójútòfò ìlera ti ìpínlẹ̀, OYSHIA, béèrè bóyá wọ́n máa san án, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé.

Iṣẹ́ abẹ fúnra rẹ̀, o ò ní mọ̀ ọ́n, wàá ti sùn. Òru ẹ̀yìn rẹ̀ ni kó o múra sílẹ̀ fún. Ọ̀sẹ̀ 6 ni wọ́n fi aṣọ gbé apá mi kọ́ ọrùn. N kò lè fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Orí àga ni mo ń sùn, ìrọ̀rí méjì lẹ́yìn, ọ̀kan lábẹ́ ìgúnpá, tí ọ̀kan bá yọ̀ báyìí, omi á bọ́ lójú mi. Ìyàwó mi ló ń wẹ̀ mí, òun ló ń bọ́ bọ́tìnnì mi. Má gun ọ̀kadà lásìkò yẹn rárá, kòtò kan ṣoṣo tó láti ba iṣẹ́ jẹ́. Má sì gba abẹ́rẹ́ ìrora lọ́wọ́ oníkẹ́míìsì torí kó o lè ṣiṣẹ́. Abẹ́rẹ́ yẹn kì í so òṣùká.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni físíò, ìyẹn eré ìdárayá tí wọ́n fi ń mú apá padà bọ̀ sípò. Máa lọ, kódà bí owó ọkọ̀ bá dùn ọ́. Wọ́n ní kí n tẹ̀ ba kí apá máa fì, lẹ́yìn náà kí n máa fi ìka gun ògiri bí aláǹgbá. Lẹ́yìn oṣù 3 la tó fọwọ́ kan ohun tó wúwo. Ipò tí wọ́n ń bẹ̀rù jù ni ìgbà tí a bá gbé àdá sókè sẹ́yìn láti gé imọ̀, torí ibẹ̀ gan-an ni òṣùká ti ń ya.

Ìgbà tó o máa padà sórí ọ̀pẹ tó o béèrè, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé. Ní oṣù 4 n kò mọ ìrora kankan mọ́, mo ti mú igbà lọ́wọ́. Ọpẹ́lọpẹ́ ìyàwó mi tó gbà á, tó gbé e pamọ́ sílé ìyá rẹ̀. Dókítà ní ó kéré tán oṣù 6, oṣù 8 ni mo gun. Kí n tó gun, mo dúró nílẹ̀, mo fi igbà yí ìdí ọ̀pẹ ká, mo ń jù ú sókè, mo ń fà á wálẹ̀, ogún ìgbà láràárọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ni mo fara tì í. Ọ̀pẹ kúkúrú ni mo kọ́kọ́ gùn, àbúrò mi sì ń gé ẹyìn. Títí dòní, bí òjò bá pa ọ̀pẹ, n kì í gùn ún.

Kó gbogbo X-ray rẹ dání lọ́jọ́ tó o bá ń lọ, ti àkọ́kọ́ náà, kí o sì kọ ọjọ́ tó yẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú ìwé. Ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ bi ọ́ nìyẹn.