Ilé ń mì lóru ní Carletonville: ṣé dáínámáìtì ni?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Carletonville ní South Africa ni mò ń gbé, mi ò tíì pẹ́ débí. Lóru ilé á kàn mì, abọ́ á máa lura wọn ní kíṣìnì, ògiri ti wá ń sán. Wọ́n ní àwọn tó ń wa góòlù ló fà á. Ṣé òótọ́ ni, àbí kí n kó kúrò?

Ìdáhùn: Òótọ́ ni o, àbúrò, àmọ́ kì í ṣe dáínámáìtì ló ń jí ẹ lóru. Dáínámáìtì ní àsìkò tiẹ̀, ìgbà táwọn òṣìṣẹ́ bá ti jáde ni wọ́n máa ń yìn ín. Èyí tó ń ṣẹlẹ̀ láàjìn yẹn, àpáta fúnra ẹ̀ ni. Ṣó o rí i, Mponeng, máìnì góòlù tó wà nítòsí yín, fẹ́rẹ̀ẹ́ jìn tó kìlómítà 4, ẹrù àpáta tó wà lókè ibẹ̀ kì í ṣe kékeré, tí wọ́n bá wá gbẹ́ èyí tó ní góòlù kúrò, bí ìgbà tí wọ́n yọ òpó lábẹ́ dẹ́kìn ni, àwọn tó kù ni gbogbo ẹrù á bọ́ sí lórí, ojú ibi tí àpáta ti sán látijọ́ á wá yọ̀ lójijì. Ó lè jẹ́ kété tí wọ́n yin dáínámáìtì, ó sì lè di ọjọ́ kejì.

Kékeré ló pọ̀ jù nínú wọn, àmọ́ wọn kì í jìn sílẹ̀ tó ọ̀pọ̀ ìmìtìtì ilẹ̀ míì, ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi ń gbọ́ ọ tó bẹ́ẹ̀. Ńlá náà máa ń wáyé ṣá: ti ìlú Orkney ní August 5, 2014 jẹ́ 5.5 lórí òṣùwọ̀n ìmìtìtì ilẹ̀, èèyàn kan kú, ti Stilfontein ní 2005 jẹ́ 5.3.

Ibi tó sán lára ògiri yẹn, fi bírò sàmì sí ibi tó parí sí lápá méjèèjì, kọ déètì sí i. Tó bá kọjá àmì, tàbí tí kọ́ìn lè wọ̀ ọ́, pe ẹ́ńjíníà.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù ju mímì lọ ni dolomite, irú àpáta kan tí omi máa ń jẹ díẹ̀díẹ̀, tó wà lábẹ́ àdúgbò yín. Àwọn máìnì ti fa omi inú ẹ̀ gbẹ, ihò sì wà níbẹ̀ lóríṣiríṣi. Ní December 1962, ilẹ̀ là ní máìnì West Driefontein, ó gbé ilé tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta mì, èèyàn 29 ló bá a lọ. Torí náà tí páìpù bá ń jò, tètè tún un ṣe, omi tó ń jò yẹn ló sábà máa ń ṣí ihò. Tí ilẹ̀kùn bá déédéé ń há, tí ilẹ̀ ìta sì ń rì, jáde kọ́kọ́ ná. Torí mímì nìkan, mi ò ní ní kó o kó, àmọ́ kó o tó san rẹ́ǹtì míì, bi láńdílọ́ọ̀dù bóyá wọ́n ti yẹ ilẹ̀ ibẹ̀ wò nítorí dolomite.