Ọmọ tó mọ̀wé ṣùgbọ́n tí ń ṣi ìdáhùn mú

Màmá, ẹ kú àníyàn ọmọ. Ẹ ní ọmọ yín tó ń múra sílẹ̀ fún Jọ́níọ̀ WAEC a máa ka ìwé rẹ̀ lákàtúnkà, àmọ́ bó bá ti kan ìbéèrè A dé D nínú Gẹ̀ẹ́sì àti Social Studies, èyí tí kì í ṣe ni í máa mú. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní lẹ́sìnnì ìrọ̀lẹ́, mo sì ti rí i pé àìkàwé kọ́ ló ń dààmú ọ̀pọ̀ nínú wọn. Kí wọ́n tó ka ìbéèrè tán ni ojú wọn ti wà lára ìdáhùn, èyí tó bá sì jọ ohun tí wọ́n ti gbọ́ rí ni wọ́n ń mú.

Ẹ ní kó máa fi ọwọ́ bo ìdáhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kó ka ìbéèrè tán, kó sì sọ ìdáhùn tirẹ̀ síta kó tó ṣí ọwọ́. Lẹ́yìn náà, kó sọ ìdí tí mẹ́ta yòókù kò fi lè jẹ́ ìdáhùn. Ibí yìí gan-an ni iṣẹ́ wà.

Ká ní wọ́n ní kó mú òdìkejì "generous" nínú "The chief is generous", tí wọ́n sì kọ A. kind, B. wicked, C. stingy, D. rich. Ọmọ tó ń kánjú á mú "kind", torí ó ti gbàgbé pé òdìkejì ni wọ́n ní kó mú. "Wicked" ló ń mú àwọn tó mọ̀wé díẹ̀, nítorí ìwà tí kò dára ni, ṣùgbọ́n "kind" ló ń ta kò. Olówó lè láwọ́, ó sì lè háwọ́, nítorí náà "rich" kò sí níbẹ̀. "Stingy" nìkan ló kù. Ní ti "The principal, together with the teachers, ___ in the hall", kó fi ìka bo ọ̀rọ̀ láti "together" dé "teachers", yóò rí i fúnra rẹ̀ pé "is" ló yẹ.

Ti Social Studies yàtọ̀, nítorí ohun tó jẹ́ òótọ́ ni wọ́n fi ń dẹ pàkúté níbẹ̀. Bí wọ́n bá béèrè ọdún tí Nàìjíríà di "republic", ìyẹn orílẹ̀-èdè tí ààrẹ jẹ́ olórí rẹ̀, tí kì í ṣe ọba, tí wọ́n sì to 1914, 1960, 1963 àti 1999, kò sí èyí tí kò ní ìtàn tirẹ̀. Ní 1914 ni Lugard so Àríwá àti Gúúsù pọ̀. Ní 1960 ni a gba òmìnira, síbẹ̀ Ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì ṣì ni olórí orílẹ̀-èdè wa títí di 1963, nígbà tí Azikiwe di ààrẹ. 1999 sì ni àwọn ológun gbé ìjọba fún alágbádá. Ọmọ tó kàn há 1960 sórí yóò mú un láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì. Nítorí náà, kí ó máa kọ́ ohun tí ọdún kọ̀ọ̀kan ṣe, kì í ṣe ọdún nìkan. Bó bá sì rí "NOT" tàbí "EXCEPT", kó fi pẹ́ńsùlù yí i po kó tó wo ìdáhùn kankan.

Bí ẹ bá ń fi ìbéèrè àtẹ̀yìnwá dán an wò nílé, ẹ má jẹ́ kó pọ̀ lálẹ́ kan, kí ẹ sì máa béèrè ìdí lórí èyí tó gbà pàápàá, torí ọmọ mìíràn a gba ìbéèrè láìmọ bó ṣe gbà á.