Èsì: Okùn fluorocarbon fún ẹja bass ní Lake Fork

Ẹ kú ìbéèrè, ẹ̀gbọ́n. Ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá okùn ìpẹja tí wọ́n ń pè ní fluorocarbon (irú ike kan) dára ju ti náílọ́ọ̀nù lọ fún pípa ẹja bass ní adágún Lake Fork, ní Texas, àti okùn pọ́n-ùn mélòó (ìyẹn ìwọ̀n ẹrù tí okùn lè gbé kí ó tó já) ni kí ẹ rà.

Pọ́n-ùn 15 ni èmi yóò rà, nítorí pé òkú igi pọ̀ lábẹ́ omi náà, igi sì máa ń ha okùn tín-ín-rín títí yóò fi já. Níbi tí omi ti mọ́ tí kò sí igi, pọ́n-ùn 8 tó fún ìjẹ fẹ́ẹ́rẹ́.

Fluorocarbon wúwo ju náílọ́ọ̀nù lọ, nítorí náà ó máa ń rì, kì í sì í fa omi mu. Bí ó ṣe ń tẹ ìmọ́lẹ̀ tún sún mọ́ ti omi: lórí òǹkà tí wọ́n fi ń wọn títẹ ìmọ́lẹ̀, omi jẹ́ 1.33, òun jẹ́ nǹkan bí 1.42, náílọ́ọ̀nù sì tó 1.53. Èyí ni kì í jẹ́ kí ẹja tètè rí i, ṣùgbọ́n irọ́ ni pé kò ṣeé rí rárá, bí àwọn olùtajà kan ṣe ń sọ. Ẹ má ṣe lò ó fún ìjẹ tó ń léfòó, torí yóò fà á sábẹ́ omi.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi itọ́ rin kókó tí ẹ bá ta sí okùn náà kí ẹ tó fà á le, nítorí pé bí okùn gbígbẹ bá ń ha ara rẹ̀, ooru ibẹ̀ a máa sọ ọ́ di aláìlágbára. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ẹja ńlá kan ṣe já mọ́ mi lọ́wọ́, ó sì dùn mí púpọ̀.