Ẹ Má Tọpa Orúkọ, Ilẹ̀ ni kí Ẹ Tọpa

Arábìnrin wa, ẹ kú ìbéèrè. Ẹ ní Marshall ni orúkọ ìdílé ọkọ yín, pé àwọn àgbà ilé wọn a máa fọwọ́ sọ̀yà pé àtọmọdọ́mọ William Marshal ni àwọn, ìyẹn jagunjagun tí ó di Earl (oyè ìjòyè ńlá kan) ti Pembroke, tí ó sì bá Ọba Henry Kẹta mójú tó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà tí ọba náà ṣì wà ní kékeré. Ẹ wá ń béèrè ibi tí ẹ ti lè rí ìwé tí yóò fìdí ọ̀rọ̀ náà múlẹ̀ kí ẹ tó kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ yín. Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni èmi náà fi ṣe aya, ọdún mẹ́sàn-án gbáko ni mo sì fi tọpa ìran àwọn àna mi láàrin àwọn ìdílé ọlọ́lá Norman, àwọn tí ó wá láti Normandy ní ilẹ̀ Faransé, tí wọ́n di onílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ogun 1066. Ohun tí ojú mi rí níbẹ̀ ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tí kò ní dùn mọ́ àwọn àna yín nínú. Nígbà tí William Marshal kú ní 1219, ọmọkùnrin márùn-ún àti ọmọbìnrin márùn-ún ni ó fi sílẹ̀ sáyé. Àwọn ọmọkùnrin náà jẹ oyè bàbá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, William, Richard, Gilbert, Walter àti Anselm, ṣùgbọ́n kò sí ìkankan nínú wọn tí ó bí ọmọ tí òfin mọ̀ sí àrólé, títí tí Walter àti Anselm fi kú tẹ̀lé ara wọn ní ìparí 1245. Nítorí náà, kò sí ẹni tí ó lè gba orúkọ Marshall láti ọwọ́ bàbá dé ọwọ́ ọmọ wá láti ọ̀dọ̀ ọkùnrin yìí. Orúkọ iṣẹ́ ni Marshal. Ẹni tí ó ń tọ́jú ẹṣin ni wọ́n kọ́kọ́ ń pè bẹ́ẹ̀, àwọn alágbẹ̀dẹ tí ń kan bàtà ẹṣin náà sì ń jẹ́ ẹ káàkiri ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ilẹ̀ wa, ta ni yóò sọ pé ọmọ bàbá kan náà ni gbogbo ẹni tí orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Ọdẹ?

Èyí kò wá túmọ̀ sí pé ẹ̀jẹ̀ William kò lè sí lára ọkọ yín. Ọ̀dọ̀ àwọn ọmọbìnrin ni ẹ ó ti wá a. Maud, Isabel, Sibyl, Eva àti Joan ni wọ́n pín ogún náà, àwọn ọmọ wọn sì pọ̀ bí èèrùn: ọmọbìnrin méje ni Sibyl nìkan bí fún William de Ferrers, mẹ́rin ni Eva bí kí àwọn ará Wales tó so ọkọ rẹ̀, William de Braose, kọ́ ní 1230. Ṣùgbọ́n bí ìran bá ti gba ọ̀dọ̀ obìnrin kọjá, orúkọ á sábà yí padà, ilẹ̀ nìkan ni kì í yí padà.

Isabel mìíràn, èyí tí í ṣe aya William Marshal fúnra rẹ̀, ọmọ ìdílé Clare ni. Ìdílé yìí gan-an ni ojú mi ti rí màbo.

Bàbá ìyàwó mi ní àwòrán ìlà ìdílé kan tí wọ́n fi dígí bò, tí ó wà lára ògiri pálọ̀ rẹ̀ láti ìgbà tí bàbá tirẹ̀ ti wà láyé. Ó sọ pé láti ara àwọn Clare ni ìdílé wọn ti ṣẹ̀. Nítorí pé mo fẹ́ fi ìwádìí náà ṣe ẹ̀bùn ọjọ́ ìbí fún un, mo san ẹgbẹ̀ta pọ́n-ùn fún ògbóǹtarìgì kan tí ó ní oyè ẹ̀kọ́ lẹ́yìn orúkọ rẹ̀. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà ni ó fi ìwé ránṣẹ́ sí mi, ìwé dáradára tí a fi aṣọ dì lẹ́yìn, tí ó tọpa àwọn àna mi dé ọ̀dọ̀ Gilbert de Clare, Earl ti Gloucester, tí àwọn ará Scotland pa ní ogun Bannockburn ní 1314. Ó ní ọmọkùnrin kan tí Gilbert fi sílẹ̀ ni baba ńlá ìyàwó mi. Mo gbà á gbọ́ fún ọdún méjì. Mo kà á sí etí àwọn ẹbí níbi àsè Kérésìmesì. Mo tilẹ̀ fi Gilbert ṣe orúkọ àárín fún ọmọ mi kejì.

Ọmọkùnrin náà kò sí rárá. Nígbà tí Gilbert kú, opó rẹ̀, Matilda, sọ pé òun lóyún, àwọn adájọ́ ọba kò sì lè pín ilẹ̀ náà nítorí pé bí ọmọ náà bá dé, òun ni yóò jogún gbogbo rẹ̀. Oṣù mẹ́sàn-án kọjá, ọdún kan kọjá, ọdún kejì tún kọjá, obìnrin yìí ṣì ń pe ara rẹ̀ ní aboyún, àwọn ọkọ àwọn arábìnrin Gilbert sì ń bínú. Ní 1317 ni wọ́n tó pín ọ̀kan nínú àwọn ogún tí ó tóbi jù lọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sí ọ̀nà mẹ́ta, fún Eleanor aya Hugh Despenser, Margaret aya Hugh Audley, àti Elizabeth aya Roger Damory. Ẹ rò ó wò: bí ọmọkùnrin kan bá wà níbikíbi, ṣé àwọn tí wọ́n dúró de oyún tí kò sí fún nǹkan bí ọdún mẹ́ta kò ní wá ọmọ tí ó wà láàyè rí ni? Ẹnikẹ́ni tí ó bá mọ ìtàn ìdílé yìí díẹ̀ ló yẹ kí ó mọ èyí, ògbóǹtarìgì mi kò sì mọ̀ ọ́n, tàbí kí ó mọ̀ ọ́n kí ó sì ti gba owó mi.

Nígbà tí mo pè é lórí fóònù, kò tọrọ àforíjì. Ó ní ọ̀dọ̀ Gilbert mìíràn tí ó ti kú ṣáájú ni òun yóò gbé ìlà náà gbà, ó sì fi ìwé ilẹ̀ kan tí wọ́n kọ fún ilé àwọn mọ́ńkì hàn mí, níbi tí wọ́n ti pe ọkùnrin kan ní «nepos» Gilbert. Ó túmọ̀ rẹ̀ sí ọmọ ọmọ. Mo tún fi oṣù mọ́kànlá rìn lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí kí n tó mọ̀ pé nínú èdè Látìn tí àwọn akọ̀wé ìgbà náà ń kọ, nepos lè jẹ́ ọmọ ọmọ, ó lè jẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n tàbí ọmọ àbúrò, nígbà mìíràn sì ni ó kàn túmọ̀ sí ìbátan. Àwa Yorùbá ni ó yẹ kí irú èyí kọ́kọ́ yé, nítorí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni mo máa ń pè ní ọmọ mi lójú gbogbo ayé. Tí àjèjì bá wá fi ìyẹn kọ ìtàn ìdílé mi, yóò sọ mí di bàbá ọmọ mẹ́tàdínlógún.

Àwọn Clare tún mú un nira pẹ̀lú orúkọ. Ẹni tí ó tẹ ìdílé náà dó sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni Richard fitz Gilbert, tí Ọba William, ará Normandy tí ó ṣẹ́gun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1066, fún ní Clare ní Suffolk àti Tonbridge ní Kent. Fitz yìí, ọmọ ni ó túmọ̀ sí. Richard bí Gilbert, Gilbert tún bí Richard, tí wọ́n pa ní Wales ní 1136. Ọmọ àbúrò Richard tí wọ́n pa yìí tún wà tí òun náà ń jẹ́ Richard fitz Gilbert, èyí tí wọ́n ń pè ní Strongbow, bàbá Isabel yín, tí ó kú ní Ireland ní 1176. Ẹni mẹ́ta nìyẹn tí wọ́n ń jẹ́ orúkọ kan náà láàrin bíi ọgọ́rùn-ún ọdún. Ẹni tí kò bá kọ ọdún ikú sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan yóò so ọmọ mọ́ bàbá tí kì í ṣe tirẹ̀.

Ní ti bí ẹ ó ṣe bẹ̀rẹ̀, ẹ ti mọ ìyẹn: láti ọ̀dọ̀ ọkọ yín ni kí ẹ ti máa padà sẹ́yìn, ìwé ìbí, ìwé ìgbéyàwó, ìkànìyàn, lẹ́yìn náà ìwé ìrìbọmi àti ìsìnkú ti ṣọ́ọ̀ṣì, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ní 1538. Láti 1538 padà sẹ́yìn ni iṣẹ́ gidi ti bẹ̀rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó ń kọ ìbí mẹ̀kúnnù sílẹ̀ nígbà náà. Ìwé tí ó wà, ìwé ilẹ̀, ìwé owó orí àti ìwé ẹjọ́ ni. Ìwé ìpíngún láti 1384 wà ní ilé àkójọ ìwé ìjọba ní Kew, ní Lọ́ńdọ̀nù. Ṣùgbọ́n ohun tí ó níye lórí jù lọ fún yín ni àwọn ìwé tí wọ́n ń pè ní inquisition post mortem, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní bíi 1236. Bí ẹni tí ó gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ọba bá kú, òṣìṣẹ́ ọba á kó àwọn ará àdúgbò jọ, wọn á búra, wọn á sọ ilẹ̀ tí olóògbé ní, ọjọ́ tí ó kú, àrólé rẹ̀, àti iye ọdún àrólé náà. Tí wọ́n bá kọ pé ó jẹ́ «ọmọ ọgbọ̀n ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ», ẹ má ṣe ka ọjọ́ ìbí láti ibẹ̀. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ó ti dàgbà tó láti gba ilẹ̀.

Ọjọ́ náà tún ní ìṣòro tirẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, títí di ọ̀rúndún kejìdínlógún, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù kẹta ni ọdún tuntun ń bẹ̀rẹ̀. Mo rí tọkọtaya kan nínú ìwé ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ṣègbéyàwó ní oṣù kẹfà 1597, tí wọ́n sì ri ọmọ wọn bọmi ní oṣù kejì 1597, mo sì sọ fún ìyàwó mi pé ọmọ náà ti wà kí wọ́n tó fẹ́ra. Àṣìṣe gbáà ni. Oṣù kejì náà, ní ìṣirò tiwa, ti 1598 ni.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta àmì oyè fún yín. Nígbà ogun Hastings, ìyẹn ogun 1066 náà, kò tíì sí àmì oyè tí ń ti ọwọ́ bàbá bọ́ sọ́wọ́ ọmọ. Ọ̀rúndún kejìlá ni ó tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ má sì fi ọkàn sí àwọn orúkọ inú ìwé tí wọ́n ń pè ní Battle Abbey Roll, ìwé orúkọ àwọn tí wọ́n sọ pé wọ́n jà lẹ́yìn Ọba William níbẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ ìdílé ni wọ́n ki orúkọ ara wọn bọ̀ ọ́ nígbà tí ó yá. Àwọn tí a lè fi ẹ̀rí dájú pé wọ́n jà lẹ́yìn Ọba William ní Hastings kò ju bíi ogún lọ, ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọkọ̀ ojú omi William ì bá ti rì nítorí ọ̀pọ̀ èrò. Orúkọ ìdílé pàápàá lè ti ọ̀dọ̀ ìyá wá, bí ti ìdílé ọlọ́lá Percy. Agnes de Percy ni ó jogún, Jocelin ará Louvain ni ó fẹ́ ẹ, àwọn ọmọ wọn sì gba orúkọ ìyá nítorí pé ibẹ̀ ni ilẹ̀ wà.

Mo ti gbàgbé pé ibi tí ẹ ti lè rí ìwé ni ẹ béèrè. Àwọn ilẹ̀ Marshal wà ní Wales, ní Ireland àti ní Normandy. Ti Ireland ni ẹ óò sunkún lé lórí: ilé àkójọ ìwé ìjọba ní Dublin jóná ní 1922, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìwé àtijọ́ sì bá a lọ. Ti Normandy kò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí bọ́ǹbù ba ilé ìwé ti Saint-Lô jẹ́ ní oṣù kẹfà 1944. Kew ni kí ẹ gbájú mọ́. Nípa àyẹ̀wò DNA, ẹ pa owó yín mọ́. Ẹgbẹ̀rin ọdún ti pọ̀ jù fún un, kò sì sí ẹni tí ó ní ẹ̀jẹ̀ William Marshal lọ́wọ́ tí wọn yóò fi ti ọkọ yín wé.

Àwọn òṣìṣẹ́ ibi ìkàwé kan yóò fojú tín-ín-rín wò yín bí wọ́n ṣe fojú tín-ín-rín wò mí. Ní ilé àkójọ ìwé ti agbègbè kan tí n kò ní dárúkọ, òṣìṣẹ́ tí ó wà lẹ́yìn tábìlì wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní ìtàn Áfíríkà kọ́ ni wọ́n ń tọ́jú síbẹ̀. Mo ní Clare ni mo wá. Ó ní ṣé ìyáàfin Clare. Mo dúró níbẹ̀ títí tí ó fi gbé ìwé náà wá, ó sì jẹ́ èyí tí kì í ṣe òun, nítorí pé ó ṣi nọ́ńbà rẹ̀ kọ. Ọjọ́ méjì ni mo pàdánù. Ẹ kọ nọ́ńbà ìwé kọ̀ọ̀kan fúnra yín, kí ẹ sì kà á fún wọn.

Ní tèmi, ọ̀dọ̀ oníṣòwò irun àgùntàn kan ní Suffolk ni ìlà àwọn àna mi dúró sí, ní òpin ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún. Àwòrán bàbá ìyàwó mi ṣì wà lára ògiri. N kò ní ìgboyà láti sọ fún un. Bí ẹ bá rí abúlé kan tí ìdílé ọkọ yín ti ní ilẹ̀ kí ó tó di 1538, ẹ kọ orúkọ abúlé náà síbí. Mo ní àkọsílẹ̀ púpọ̀ lórí ìpín Eva àti ti Joan, mo sì lè sọ fún yín láàrin ọ̀sẹ̀ kan bóyá ó wà nínú wọn. Bí ẹ bá ń lọ sí Kew, lẹ́ẹ̀dì ni kí ẹ mú dání. Wọn kì í gba bírò wọlé.