Ìbéèrè Yín Lórí Oúnjẹ àti Ìlera: Ìkòkò Méjì Nínú Ilé Kan

Nínú àwọn lẹ́tà tó tẹ̀ wá lọ́wọ́ láti oṣù tó kọjá, mẹ́ta ni mo mú fún ojú ewé yìí, nítorí pé ohun kan náà ni wọ́n ń béèrè lọ́nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: báwo ni ẹni tí dókítà ti ka oúnjẹ léèwọ̀ fún yóò ṣe máa bá àwọn ènìyàn rẹ̀ jókòó jẹun? A ti gé lẹ́tà kìíní kúrú díẹ̀, a sì ti yọ orúkọ àwọn tó kọ̀wé kúrò.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Ìbàdàn ni mo ti ń kọ̀wé. Baálé mi pé ẹni ọdún 58 ní ọdún yìí, ó sì ti tó ọdún méjì tí wọ́n ti sọ fún wa ní ilé ìwòsàn pé wọ́n ní àtọ̀gbẹ àti ẹ̀jẹ̀ ríru. Láti ìgbà náà ni mo ti ń se ìkòkò ọbẹ̀ méjì: tèmi àti ti àwọn ọmọ lọ́tọ̀, ti baálé mi, tí kò ní iyọ̀ rárá, lọ́tọ̀. Àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀ nìkan ni mo ń rò fún wọn. Wọn kì í ráhùn, ṣùgbọ́n wọn kì í jẹ ẹ́ tán, ẹnì kan sì ti ta mí lólobó pé wọ́n máa ń yà sí ilé olóúnjẹ kan ní ọ̀nà ibi iṣẹ́ wọn, tí wọ́n á jẹ àmàlà pẹ̀lú ṣàkì àti ẹ̀dọ̀ ní àjẹyó. Ohun tó wá mú mi kọ̀wé ni pé àwọn ọ̀rẹ́ wọn mẹ́rin máa ń wá sí ilé wa ní Sátidé tó kẹ́yìn oṣù, láti bí ọdún mẹ́tàdínlógún sẹ́yìn. Àbùlà ni mo máa ń gbé fún àwọn àlejò, mo sì máa ń gbé abọ́ baálé mi síwájú wọn lọ́tọ̀. Ní oṣù tó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ náà fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé oúnjẹ aláìsàn ni mo gbé fún wọn. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, baálé mi náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tí àwọn àlejò lọ tán, baálé mi ní kí n bá àwọn sọ fún wọn pé kí wọ́n má wá mọ́, pé àjọjẹ kò dùn bí ẹnì kan kò bá ní. Kí ni mo lè sè tí gbogbo wọn yóò jọ jẹ?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú, ìyá ilé. Kí n tó dáhùn, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ pé èmi náà ti ṣe ohun tí ẹ ń ṣe yìí rí. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ríru bẹ̀rẹ̀ lára ìyá tó bí mi, abọ́ aláwọ̀ ewé kan ni mo yà sọ́tọ̀ fún wọn, tí ẹlòmíràn kì í fọwọ́ kàn, mo sì rò pé ìtọ́jú ni mo ń ṣe. Ọmọ mi tí kò tíì ju ọmọ ọdún márùn-ún lọ nígbà náà ló bi wọ́n lójú gbogbo wa pé, "Ìyá àgbà, ṣé ohun tó ń ṣe yín máa ń ranni ni?" Ọjọ́ náà ni mo gbé abọ́ náà kúrò nílẹ̀. Nítorí náà, ìkòkò kejì yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀. Oúnjẹ tí dókítà ní kí baálé yín máa jẹ, oúnjẹ tó yẹ kí ẹ̀yin àti àwọn ọmọ máa jẹ náà ni, àti àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tí mo fura pé kì í ṣe gbogbo wọn ló mọ iye tí ẹ̀jẹ̀ tiwọn wà.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti inú ọbẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lójúmọ́ má tó gíráàmù 5, èyí tí kò kún ṣíbí ìmutíì kan. Wọn kò ní kí ẹnikẹ́ni máa jẹ ọbẹ̀ àtẹ́, ọbẹ̀ àtẹ́ yìí gan-an ló sì ń lé baálé yín lọ sí ilé olóúnjẹ, níbi tí ẹ kò ti lè ka iye magí tí wọ́n jù sínú ìkòkò. Hóró magí kan tó wọn gíráàmù 4, bí ìdajì rẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni iyọ̀. Ẹni tó bá fọ́ mẹ́fà sínú ọbẹ̀ ti fi iyọ̀ tó ju ti ọjọ́ méjì ènìyàn kan sí i kí ó tó na ọwọ́ sí ike iyọ̀.

Èyí tí ọ̀pọ̀ wa kì í wá rántí ni kánún. Àwa tí a ń se gbẹ̀gìrì àti ewédú mọ̀ pé kánún ló ń jẹ́ kí ẹ̀wà tètè rọ̀, tó sì ń jẹ́ kí ewédú fà, ṣùgbọ́n sodium, èròjà inú iyọ̀ tó ń mú ẹ̀jẹ̀ ru, pọ̀ gidigidi nínú kánún náà. Ẹ lè yọ iyọ̀ kúrò ní ẹnu ọ̀nà kí kánún sì gba ẹ̀yìnkùlé gbé e wọlé padà. Bí ẹ bá rẹ ẹ̀wà mọ́jú, tí ẹ bó o dáadáa, yóò rọ̀ láìsí kánún, kìkì pé yóò pẹ́ díẹ̀ sí i lórí iná. Ewédú tí kò tíì gbó, tí ẹ já ewé rẹ̀ kúrò lára igi rẹ̀ pátápátá, kò ní wàhálà. Omi díẹ̀, iná tí kò pọ̀, kí ẹ sì fi ìjábẹ̀ já a títí yóò fi máa fà bí ó ti yẹ.

Ní ti ọbẹ̀ ata, ẹ yan tàtàṣé àti àlùbọ́sà lórí èédú títí èèpo wọn yóò fi dúdú kí ẹ tó lọ̀ wọ́n. Ẹ wá fi irú wooro ṣe ohun tí ẹ ti ń fi magí ṣe. Ẹ fọ irú náà ní omi méjì, nítorí àwọn tó ń tà á máa ń fi iyọ̀ sí i kí ó má baà bàjẹ́. Bí irú bá bẹ̀rẹ̀ sí í dín nínú epo pẹ̀lú àlùbọ́sà, tí ẹ sì fọ́ ẹja gbígbẹ sí i, òórùn rẹ̀ yóò ti pe àlejò wọlé kí ẹ tó pè wọ́n. Ìgbà náà ni kí ẹ wá fi ṣíbí wọn iyọ̀ ìwọ̀nba sí i. Mo ní ṣíbí, n kò ní ọwọ́, nítorí ọwọ́ wa àwa ìyá kì í mọ ìgbà tó kún. Bí àwọn ọmọ bá ráhùn ní ọ̀sẹ̀ kìíní, ẹ má dá wọn lóhùn. Ahọ́n máa ń mọ́ra láàrin ọ̀sẹ̀ díẹ̀.

Lórí òkèlè, mo ní ìjà díẹ̀ láti bá yín jà. Ó ti di ìgbàgbọ́ káàkiri ilẹ̀ wa pé ẹni tó ní àtọ̀gbẹ kò gbọ́dọ̀ jẹ òkèlè mìíràn àfi ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí wíìtì, bí ẹni pé oògùn ni wọ́n. Bí iṣu ti ń di ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀ ni ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń dà á, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òmíràn lè yá ju òmíràn lọ. Ẹni tó jẹ àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀ ńlá mẹ́ta nítorí pé wọ́n ní kò léwu ti ṣe ara rẹ̀ ní ibi ju ẹni tó jẹ ẹyọ àmàlà iṣu kékeré kan lọ. Ìwọ̀n ni kí ẹ mú ní pàtàkì. Kí àmàlà baálé yín má ju ìkúùkù wọn lọ, kí ẹ̀fọ́ gba bí ìdajì àwo, kí ẹja tàbí ẹran tí kò ní ọ̀rá púpọ̀ gba ìyókù. Ẹ má sì gé e kéré lójú àwọn àlejò. Ẹ pọ́n gbogbo àmàlà tilé-tàlejò sínú ọ̀rá kéékèèké tó dọ́gba, kí ẹ kó o sínú kúlà kan ṣoṣo láàrin tábìlì. Ẹni tó bá fẹ́ mẹ́ta yóò mú mẹ́ta, baálé yín yóò mú ẹyọ kan, kò sì sí ẹni tí yóò jókòó máa ka òkèlè ẹlòmíràn.

Ohun kan tún wà tó lòdì sí ẹ̀kọ́ ilé. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, ọmọ tó bá mú ẹran kí òkèlè tó tán, ọ̀kánjúwà ni wọ́n ń pè é. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó ní àtọ̀gbẹ bá kọ́kọ́ jẹ ẹ̀fọ́ àti ẹja kí òkèlè tó tẹ̀ lé e, ṣúgà kì í ròkè nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó bí ó bá fi òkèlè bẹ̀rẹ̀. Ẹ gbé ẹ̀fọ́ rírò àti ẹja yíyan jáde ṣáájú, nígbà tí wọ́n ṣì ń jiyàn lórí bọ́ọ̀lù, kí gbogbo wọn jọ máa ṣà á jẹ.

Ohun mímu ló yẹ kí ẹ ṣọ́ jù. Mọ́ọ̀tì, tí ọ̀pọ̀ ń rò pé ó ń fún ni lẹ́jẹ̀, ṣúgà ló pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ ka ara agolo rẹ̀: bí wọ́n bá kọ gíráàmù 10 sí mìlílítà 100, a jẹ́ pé gíráàmù 33 ló wà nínú agolo sẹ̀ǹtílítà 33, èyí sì tó hóró ṣúgà mẹ́jọ. Ẹmu àárọ̀ dùn nítorí ṣúgà inú rẹ̀. Bí ó bá di ìrọ̀lẹ́, ṣúgà náà á ti máa di ọtí. Kò yẹ kí ẹni tó ń lo insulin, tàbí oògùn bíi glibenclamide àti glimepiride, máa mu ọtí ní inú òfìfo, nítorí ó lè mú kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wálẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Bí baálé yín bá ń làágùn, tí ọwọ́ wọn ń gbọ̀n, tí ọ̀rọ̀ wọn sì ń dàrú, ẹ má ṣe sọ pé ọtí ló ń pa wọ́n. Ẹ wò ó lórí ẹ̀rọ tó ń wọn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, bí kò bá tó 70 (àwọn tó wà ní Ìlú Ọba yóò rí 3.9 lórí ẹ̀rọ tiwọn, ohun kan náà ni), ẹ fún wọn ní hóró ṣúgà mẹ́rin tàbí ìdajì ife ẹlẹ́rìndòdò, kí ẹ sì tún un wò lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15. Bí wọn kò bá mọ ibi tí wọ́n wà mọ́, ẹ má fi ohunkóhun sí wọn lẹ́nu, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé wọn lọ lójú ẹsẹ̀.

Iṣẹ́ tí wọ́n rán yín sí àwọn ọ̀rẹ́ náà, ẹ má jẹ́ ẹ. Ẹ bẹ baálé yín kí wọ́n pe ẹni tó ṣe yẹ̀yẹ́ náà lórí fóònù, àwọn méjì péré, kí wọ́n sọ iye tí ẹ̀jẹ̀ wọn wà fún un, kí wọ́n sì bi í léèrè tirẹ̀. Ọ̀rẹ́ ọdún mẹ́tàdínlógún kò yẹ kó parí sórí abọ́.

Ìbéèrè: London ni mo ń gbé. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń bọ̀ láti Abẹ́òkúta wá lo oṣù kan lọ́dọ̀ wa. Dókítà wọn ti ní kíndìnrín wọn kò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́, kí wọ́n dín iyọ̀ àti potassium kù. Àsáró ni wọ́n fẹ́ràn jù láyé. Mo ti ra iyọ̀ kan tí wọ́n kọ sí i lára pé sodium inú rẹ̀ kéré. Ṣé mo ṣe dáadáa?

Ìdáhùn: Ẹ dá iyọ̀ náà padà, tàbí kí ẹ má jẹ́ kí ó dé inú oúnjẹ ẹ̀gbọ́n yín. Potassium, èròjà mìíràn tó wà nínú oúnjẹ, ni wọ́n sábà máa ń fi rọ́pò sodium nínú irú iyọ̀ bẹ́ẹ̀, kíndìnrín tí kò ṣiṣẹ́ dáadáa kò sì lè lé e jáde. Bí ó bá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, ó lè dá ọkàn dúró. Ìdí nìyí tí ìmọ̀ràn tí mo fún ìyá ilé Ìbàdàn kò fi bá ti ẹ̀gbọ́n yín mu délẹ̀délẹ̀: ẹ̀wà, ẹ̀fọ́ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó dára fún ẹni yẹn ní potassium púpọ̀. Iṣu náà ní in, àsáró sì burú ní ti pé omi tí a fi se iṣu náà ni a jọ ń jẹ. Ẹ bẹ iṣu náà, kí ẹ gé e wẹ́wẹ́, kí ẹ bọ̀ ọ́ nínú omi púpọ̀, kí ẹ sì da omi náà nù, nítorí potassium máa ń jáde sínú omi. Ẹ wá fi omi tuntun, ata díẹ̀, àlùbọ́sà àti epo ìwọ̀nba sè é parí. Àwo kékeré kan, ẹ̀ẹ̀kan lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn tí ẹ bá ti béèrè lọ́wọ́ dókítà wọn pé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ wọn tó kẹ́yìn gbà á. Ẹ má fi omi àgbọn ṣe wọ́n lálejò o, potassium pọ̀ nínú òun náà.

Ìbéèrè: Ṣé òótọ́ ni pé sobó ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru sàn? Èmi àti ọ̀rẹ́ mi ń mu ún lálaalẹ́, oyin ni a sì ń fi sí i, kì í ṣe ṣúgà.

Ìdáhùn: Ìṣápá pupa ni wọ́n fi ń ṣe sobó, ìbátan ìṣápá funfun tí àwọn ará Èkìtì ń fi egúsí sè. Àwọn ìwádìí kan fi hàn pé ó lè mú kí ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n díẹ̀ yẹn kò tó ohun tí ẹnikẹ́ni lè torí rẹ̀ pa oògùn tì. Ní ti oyin, ṣúgà ni oyin. Bí ọ̀rẹ́ yín bá ní àtọ̀gbẹ, ẹ fi atalẹ̀, kànáfùrù àti èèpo ọ̀pẹ òyìnbó tí ẹ fọ̀ dáadáa se ìṣápá náà, kí ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ gbé e sínú ẹ̀rọ amómitutù di ọjọ́ kejì. Kíkan rẹ̀ yóò ti rọlẹ̀ díẹ̀. Bí ẹ bá tún padà lọ rí dókítà, ẹ sọ fún un pé ẹ ń mu ún lálaalẹ́, kí ó lè mọ̀ bóyá ó bá oògùn tí ẹ ń lò mu.