Worker 16 lórí core 4: kí ló dé tí test mi tún wá ń pẹ́ sí i?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìlọrin níbí ni mo ti ń kọ kóòdù. Test wa, ìyẹn kóòdù tó ń yẹ iṣẹ́ wa wò, ti pọ̀ débi pé ó ń gba bí ogún ìṣẹ́jú. Mo fi pytest-xdist sí i, irinṣẹ́ tó ń pín test Python fún ọ̀pọ̀ worker kí wọ́n jọ ṣe é, mo kọ -n 16, ìyẹn worker mẹ́rìndínlógún, ó tún wá pẹ́ sí i. Àwọn test kan ń kùnà lónìí, wọ́n á yege lọ́la. Core 4, ìyẹn ẹ̀ka mẹ́rin tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọpọlọ kọ̀ǹpútà, ni láptọ́ọ̀pù mi ní, RAM rẹ̀ jẹ́ 8 GB. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Àbúrò, o kú iṣẹ́. Wàhálà méjì ló wà níbẹ̀, ìkejì ló sì le jù.

Bí ẹni mẹ́rìndínlógún bá gbé ata dúró nídìí ẹ̀rọ mẹ́rin l'Ọ́jà Ọba, igbá mẹ́rin náà ni wọ́n á máa lọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bẹ́ẹ̀ ni worker 16 lórí core 4 rí. Worker xdist kì í ṣe thread, ìyẹn okùn iṣẹ́ kékeré inú ètò kan ṣoṣo. Odidi Python kan ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Kálukú ló ń import (gbé wọlé) gbogbo iṣẹ́ rẹ, kálukú ló ń ṣa gbogbo test jọ kó tó bẹ̀rẹ̀. Tí RAM bá fi kún, kọ̀ǹpútà á máa da ẹrù sórí dísíìkì, eré á sì kú. Fi -n 2 bẹ̀rẹ̀, kó o gbìyànjú 4, lẹ́yìn náà 6. Ibi tí àkókò ò ti dínkù mọ́, dúró síbẹ̀. Test tó kàn ń dúró de nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè gba worker tó ju iye core lọ. Má sì fi ìgbà tí iná wà wé ìgbà tí NEPA mú un lọ o: ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù máa ń dẹ eré tó bá ti di orí bátìrì.

Ti àwọn tó ń kùnà lónìí tó ń yege lọ́la, ó jọ pé dátábéèsì kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń lò. Worker kan ń forúkọ oníbàárà sílẹ̀, èkejì ń pa gbogbo orúkọ rẹ́, ẹ̀kẹta ń ka iye èèyàn tó wà níbẹ̀. Tó bá jẹ́ SQLite, dátábéèsì tó wà nínú fáìlì kan, wàá ti máa rí “database is locked”, torí ẹyọ kan ló lè kọ nǹkan sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Fún kálukú ní dátábéèsì tirẹ̀. xdist ń fi orúkọ wọn, gw0, gw1, sínú PYTEST_XDIST_WORKER, àyè kan tí kóòdù rẹ lè kà á. So ó mọ́ orúkọ dátábéèsì rẹ. Tó bá jẹ́ Django, irinṣẹ́ Python fún kíkọ wẹ́ẹ̀bù, lo ń lò, pytest-django á bá ọ ṣe é.

Tún lo --durations=10, á fi test mẹ́wàá tó pẹ́ jù hàn ọ́. Àìmọye ìgbà ni mo ń bá sleep(5), àṣẹ pé kí kóòdù kàn dúró fún ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún, níbẹ̀, tí ẹnikẹ́ni ò rántí ẹni tó fi í síbẹ̀.

Tó o bá fẹ́ rí iṣẹ́ ṣe kó o tó tún dátábéèsì ṣe, --dist loadfile á kó gbogbo test inú fáìlì kan fún worker kan. Kò wo àrùn náà o, ṣùgbọ́n ìkùnà á dínkù.