Ripọ́ọ̀tù nìkan ò tíì di òfin

Àbúrò mi tó ní wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òun sí àjọ tó ń ṣàtúnṣe òfin, tó wá ń béèrè pé kí lòun máa bá níbẹ̀ àti pé kí ló dé tí iṣẹ́ wọn kì í fi í sábà di òfin, o kú oríire o. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ṣe iṣẹ́ yẹn, ohun tójú mi rí ni mo fẹ́ sọ fún ẹ.

Iṣẹ́ ibẹ̀ kì í ṣe kéèyàn kàn jókòó kó máa kọ òfin tuntun. Òfin ọdún 1965 tí wọ́n fi dá Law Commission, ìyẹn àjọ tó ń ṣàtúnṣe òfin, sílẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́ dáadáa, ó ní kí wọ́n máa yẹ gbogbo òfin wò, kí wọ́n kó èyí tó fọ́nká jọ, kí wọ́n tún èyí tó ń ta ko ara wọn ṣe, kí wọ́n sì wọ́gi lé èyí tí kò wúlò mọ́. Wàá kàwé títí ojú á fi máa ta ẹ́. Lẹ́yìn ẹ̀ lẹ máa wá kọ ìwé tẹ́ ẹ máa fi béèrè èrò aráàlú, ẹ máa dúró de èsì, ẹ máa ṣèpàdé ìtagbangba, kẹ́ ẹ tó wá kọ ripọ́ọ̀tù àti àbádòfin tó máa tẹ̀ lé e lọ sọ́dọ̀ mínísítà.

Má fojú kékeré wo ìpàdé ìtagbangba yẹn o. Nígbà kan, òfin onílé àti ayálégbé la ń tún ṣe, a sì ti kọ ọ́ pé tí onílé bá pe ayálégbé lẹ́jọ́, kí wọ́n fi ìwé ìpẹ̀jọ́ ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì tó ń gbé kẹ́yìn. Lọ́yà mẹ́fà ló jókòó lórí gbólóhùn kan ṣoṣo yẹn, kò sí ẹnì kankan nínú wa tó rí nǹkan kan tó burú níbẹ̀. Bí obìnrin kan ṣe dìde lẹ́yìn nìyẹn, ó di báàgì ẹ̀ mọ́ àyà, ó ní ẹ jọ̀ọ́, onílé òun ti ti òun mọ́ta, ó ti pààrọ̀ àgádágodo, ilé yẹn náà sì ni àdírẹ́sì òun tó kẹ́yìn, ta ló máa bá òun gba lẹ́tà yẹn níbẹ̀? Gbogbo wa dákẹ́ lọ gbári. Wọ́n ti dá ẹjọ́ ẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀, kò sì mọ̀ pé ẹjọ́ wà rárá. Alẹ́ ọjọ́ yẹn la tún ibẹ̀ kọ.

Ohun tó wá ń dùn mí dòní ni pé àtúnkọ yẹn ò di òfin títí mo fi kúrò níbẹ̀. A parí ripọ́ọ̀tù, a gbé e fún mínísítà, a ya fótò, inú wa dùn gan-an, kò tíì pé oṣù kan wọ́n yí mínísítà yẹn padà, ẹni tuntun tó dé ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ tó kù ní ilé aṣòfin ò ráyè, mo ń pè wọ́n lóṣooṣù, wọ́n ń sọ fún mi pé fáìlì wà lórí tábìlì. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n wá ní ká lọ tún un ṣe torí pé iye owó àti òfin tá a tọ́ka sí nínú ẹ̀ ti yí padà. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé àṣìṣe wa ti wà láti ìbẹ̀rẹ̀, a ò wá ẹnikẹ́ni ní ilé iṣẹ́ ìjọba tó máa sọ pé iṣẹ́ yìí tòun ni. Ìgbà tá a parí tán la ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ ń wá ẹni tó máa bá wa gbé e.

Kì í ṣe àwa nìkan nìyẹn ń ṣẹlẹ̀ sí. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ní láti ṣe òfin mìíràn lọ́dún 2009 tó fi dandan lé e pé kí mínísítà máa wá jábọ̀ fún ilé aṣòfin lọ́dọọdún, kó sọ èyí tí wọ́n ti mú lò nínú àbá àjọ náà àti ìdí tí wọn ò fi tíì ṣe èyí tó kù. Mo fara mọ́ òfin yẹn pátápátá, torí fáìlì tí wọ́n bá máa béèrè lọ́wọ́ ẹ ní gbangba kì í pẹ́ lórí tábìlì.

Ti owó náà wà níbẹ̀. Kánádà ti àjọ tiwọn pa lọ́dún 1992, wọ́n dá òmíràn sílẹ̀ lọ́dún 1997, nígbà tó di 2006 wọ́n gé owó ẹ̀, òfin tó dá a sílẹ̀ ṣì wà nínú ìwé o, àmọ́ ọ́fíìsì ti ṣófo, ọdún 2023 ni wọ́n tó jí i dìde. Àwọn tó ti mọ iṣẹ́ náà dunjú á ti fọ́n ká, ìmọ̀ irú àwọn yẹn ò sì ṣeé kó sínú fáìlì kó máa dúró dè ẹ́.

Wàá tún gbọ́ àríyànjiyàn lórí ta ló yẹ kó máa yan iṣẹ́. Ní Ọsirélíà, Agbẹjọ́rò Àgbà ìjọba ló ń gbé iṣẹ́ fún àjọ wọn. Ó dáa lọ́nà kan torí pé iṣẹ́ tí ìjọba fúnra ẹ̀ bẹ̀ ẹ́ ti ní ẹni tó máa sọ pé tòun ni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àwọn tí kò lẹ́nu láwùjọ, bíi ti ẹlẹ́wọ̀n tàbí ẹni tí wọ́n lé jáde nílé, ta ló máa bẹ̀ yín níṣẹ́ ẹ̀? Èmi gbà pé ó yẹ kí àjọ lè mú díẹ̀ fúnra ẹ̀.

Tó o bá débẹ̀, ní kí wọ́n kó gbogbo ripọ́ọ̀tù àtijọ́ tí wọn ò tíì mú lò fún ẹ, kó o kà á kó o tó fọwọ́ kan tuntun. Mọ orúkọ àti nọ́ńbà fóònù ẹni tó ń rí sí ọ̀rọ̀ yẹn ní ilé iṣẹ́ ìjọba láti oṣù àkọ́kọ́, máa fi gbogbo ìpele hàn án. Tí èsì aráàlú bá ń dé, àwọn ilé iṣẹ́ ńlá á fi ojú ìwé ọgọ́rùn-ún ránṣẹ́, ẹlòmíì á sì fi bírò kọ ojú ìwé kan péré. Ìwọ fúnra ẹ ni kó o ka ti ẹni tó fi bírò kọ ọ́ yẹn, má gbé e fún ẹlòmíì.